Ẹ Má Fi Pọ́tì Dí Ojú Ọta Lára Pẹ́pẹ́yẹ Onígi

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. N kì í kọ lẹ́tà sí ilé ìwé ìròyìn. Kíkà ni tèmi. Ọjọ́ tí tiyín bá jáde, ọmọ iṣẹ́ mi kò ní tíì gbé ayùn tí yóò ti lọ bá mi rà á wá lábẹ́ afárá Mọ́kọ́lá. Ohun tó mú mi gbé bírò lọ́tẹ̀ yìí ni àmọ̀ràn tí òǹkọ̀wé yín tó ń kọ nípa ìtọ́jú ilé gbà wá. Ó ní ẹni tó bá ní ère tàbí ohun onígi àtijọ́ tó ti ha, tó ti lu, kí ó ra pọ́tì dí ojú ihò rẹ̀, kí ó fi sáńpépà họ ọ́ títí yóò fi jọ̀lọ̀, kí ó wá fi ọ̀dà tó ń dán kùn ún. Ó ní yóò dà bí èyí tí wọ́n gbẹ́ lánàá.

Mo ka ibẹ̀ tán, mo bọ́ awò ojú mi sílẹ̀. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn lọ́dún tó kọjá, ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí títí dòní.

Káfíńtà ni mí. Láti ọdún 1971 ni mo ti wà nídìí rẹ̀, tí a bá ka ọdún mẹ́fà tí mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Òkè-Àdó mọ́ ọn. Mo ṣe àga, mo ṣe bẹ́ẹ̀dì, mo ti kan pósí rí nígbà tí ọjà kò yá. Ṣùgbọ́n pólíìṣì ni wọ́n mọ̀ mọ́ mi. Àga tí ẹ bá rò pé ó ti di igi ìdáná, ẹ gbé e wá. Ẹ ó rí òjìji yín lára rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ. Ìgbéraga iṣẹ́ yìí ló kó bá mi.

Màmá kan ní Bódìjà, oníbàárà mi àtọjọ́ pípẹ́, ló gbé àpò ìrẹsì kan wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó tú u. Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta ló yọ jáde, onígi, wọ́n tóbi tó pẹ́pẹ́yẹ gidi. Mo kọ́kọ́ rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni. Màmá ní rárá, ti ọkọ òun ni. Ọkọ rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kàwé ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1974 sí 1979. Ilé bàbá òyìnbó kan tó jẹ́ ọdẹ ló ń gbé, létí omi ńlá tí wọ́n ń pè ní Chesapeake Bay. Nígbà tó ń bọ̀ wálé, bàbá náà kó mẹ́ta fún un nínú àwọn pẹ́pẹ́yẹ onígi tó máa ń tò sórí omi láti fi tan àwọn alààyè wá nígbà tó bá ń ṣọdẹ.

"Bàbá, ẹ bá mi tún wọn ṣe," Màmá wí. "Ìrántí ọdún kan Dádì ń bọ̀ lọ́nà, mo fẹ́ tò wọ́n síwájú fọ́tò rẹ̀. Ẹ sáà wò wọ́n, wọ́n rí wúruwùru."

Òótọ́ ni, wọ́n rí wúruwùru. Ọ̀dà ẹ̀yìn wọn ti ṣí, igi abẹ́ rẹ̀ ti di aláwọ̀ eérú. Ọrùn ọ̀kan ní àmì kan tó yí i ká róbótó, bí ọrùn ewúrẹ́ tó ti pẹ́ lórí ìso. Ṣóńṣó àgógó èkejì ti kán, orí rẹ̀ sì ń mì. Ẹ̀kẹta jẹ́ akọ, orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Ojú gíláàsì rẹ̀ kan ti bọ́ sọnù, ihò wẹ́wẹ́ sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ títí dé ìhà. Mo kà wọ́n, mẹ́rìnlá ni. Bí ẹ bá yọjú wo inú wọn, ẹ ó rí hóró ọta tó há síbẹ̀, dúdú, tí lẹ́búlẹ́bú funfun díẹ̀ yí i ká.

Ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni mo fi ba nǹkan náà jẹ́. Akọ yẹn ni mo kọ́kọ́ mú. Mo fi ṣóńṣó ìṣó tú hóró ọta márùn-ún jáde. Èyí tí kò gbà, mo fi sílẹ̀ sínú. Mo po pọ́tì, mo dí gbogbo ihò. Mo fi sáńpépà họ ọ́ láti orí dé ìdí. Mo fi ìlẹ̀kẹ̀ dúdú ṣe ojú fún un. Lẹ́yìn náà mo kùn ún, orí àwọ̀ ewé, funfun yí ọrùn ká, àyà pupa bí obì, mo wá fi fáníìṣì lé gbogbo rẹ̀. Ó ń kọ mànà. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ó kù kó ké." Inú mi dùn. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Màmá lórí WhatsApp, Màmá náà sì fi ránṣẹ́ sí àkọ́bí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Kò tó wákàtí kan tí ọmọ náà fi pè mí. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi.

"Ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo lẹ kùn yẹn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ṣé èyí tó ní ihò lẹ́rẹ̀kẹ́ ni?"

Mo ní òun ni. Mo ní mo ti dí gbogbo rẹ̀, kò ku ẹyọ kan.

Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó wá ní, "Dádì ló yìn ín o, sà."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Bàbá òyìnbó yẹn mú un lọ sódò láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù, ó kó ìbọn lé e lọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn tí kò yin ohun tó ju báńgà Kérésì lọ rí. Pẹ́pẹ́yẹ alààyè kan ń fò bọ̀, ó fẹ́ bà sáàárín àwọn onígi. Ó yìnbọn. Èyí tó ní ẹ̀mí gbéra, ó bá tirẹ̀ lọ. Onígi ló jẹ ọta. Bàbá òyìnbó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi já sómi. Kò tún pẹ́pẹ́yẹ náà ṣe láéláé. Ọjọ́ tí àlejò rẹ̀ ń padà sílé, ó kó o fún un, ó ní kó gbé ẹran tó pa lọ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí àjọ̀dún bá dé, bàbá wọn á gbé e lé itan, á ní kí àwọn ọmọ máa fi ìka ka ihò. Ibẹ̀ ni àbíkẹ́yìn wọn ti kọ́ bí a ṣe ń ka oókan dé ẹẹ́rìnlá.

Èmi ni mo wá fi pọ́tì ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ náírà dí i.

Mo bẹ ọmọ náà. Ó ní kò séwu, ṣùgbọ́n kí n má fọwọ́ kan méjì tó kù. Alẹ́ ọjọ́ náà, àti alẹ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ń là mí lọ́yẹ̀ lórí fóònù. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé yín gbọ́.

Ẹ̀tàn ni iṣẹ́ pẹ́pẹ́yẹ onígi. Ọdẹ á tò wọ́n sórí omi, ogún, ọgbọ̀n, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á fi okùn so ìdákọ̀ró mọ́ abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, á lọ lúgọ sínú koríko. Àwọn tó ń fò kọjá lókè á rò pé ẹgbẹ́ àwọn ló ń jẹun nísàlẹ̀, wọ́n á sọ̀kalẹ̀. Ọgbọ́n náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1924, nínú ihò àpáta tí wọ́n ń pè ní Lovelock Cave ní ìpínlẹ̀ Nevada, wọ́n rí mọ́kànlá tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ fi koríko odò ṣe, ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ gidi sì wà lára òmíràn. Wọ́n ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún. Ní ti onígi, àwọn ará Maryland ń lo sídà tàbí páìnì, àwọn ará Louisiana fẹ́ràn gbòǹgbò sáípírẹ́ẹ̀sì. Igi tó fúyẹ́ ni wọ́n ń wá, bí àwa náà ṣe ń fi arère ṣe ohun tí a kò fẹ́ kó wúwo.

Abẹ́ ikùn rẹ̀ ni wọ́n ń kan òjé mọ́ kí ó má baà dojú dé lórí omi. Mo dán èyí wò. Mo bu omi sínú bàsíà tí ìyàwó mi fi ń fọṣọ, mo ju ọ̀kan sí i tìdítìdí. Ó dojú dé, ó mì, ó yí padà, ó jókòó. Mo tún jù ú. Ó tún jókòó. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ṣé ọjọ́ ogbó ti dé náà nìyí. Mo wá ju èyí tí mo kùn sí i. Òun náà jókòó, ṣùgbọ́n oòrùn kọlù ú, ó ń tàn yanran bí páànù tuntun. Ọmọ náà sì ti sọ fún mi pé ọ̀dà tí kò dán rárá ni àwọn ọdẹ ń lò, torí ohun tó bá ń dán lórí omi, láti òkèèrè ni ẹyẹ ti máa mọ̀ pé kì í ṣe ará ilé òun. Pẹ́pẹ́yẹ tí mo tún ṣe kò wúlò fún ìrántí mọ́, kò sì wúlò fún ọdẹ.

Lẹ́yìn èyí ni mo gbé méjì tó kù sábẹ́ iná, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn láti ẹ̀gbẹ́, mo wá rí i pé gbogbo ohun tí mo pè ní ìbàjẹ́ ló ní ẹni tó ṣe é. Àmì ọrùn yẹn, okùn ìdákọ̀ró ni: bí ọdẹ bá ṣetán, ọrùn ni wọ́n máa ń wé okùn mọ́ kí wọ́n tó kó wọn sápò. Àgógó tó kán, inú àpò ló ti kán, níbi tí wọ́n ti ń kọlu ara wọn bí ìgò lẹ́yìn ọkọ̀. Ọ̀dà ṣí jù ní orí àti ẹ̀yìn, ibi tí ọwọ́ àti oòrùn ń kàn. Abẹ́ ìyẹ́, níbi tó kọ́ kòtò, ọ̀dà ibẹ̀ wà bó ṣe wà. Ti igi tó là nídìí ikùn, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́, igi tí kò gbẹ tán ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, káfíńtà wo ni kò mọ ìyẹn?

Ti ọta ló yà mí lẹ́nu jù. Mo ti rò pé ọdẹ tí kò mọ̀bọn yìn nìkan ló ń yìn ín lu ohun ìní ara rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Hóró wẹ́wẹ́ ni ìbọn ẹyẹ ń tú jáde, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi mìlímítà mẹ́ta tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fọ́nká bí wọ́n ṣe ń lọ. Bí ìbọn bá ba pẹ́pẹ́yẹ alààyè tí kò kú, tó ń lúwẹ̀ẹ́ sá lọ láàárín àwọn onígi, ọdẹ kò ní dúró ro ti igi. Á yìn ín níbẹ̀, èyí tó bá wà nítòsí á jẹ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ihò fi sábà máa ń wà lápá kan ara rẹ̀, lókè ibi tí omi mu ún dé. Hóró tó bá wọlé tààrà á lu ihò róbótó. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá á fa ìlà sára igi, bí ẹni fi èékánná ha ẹ̀kọ.

Ọmọ náà ní kí n wá òòfà. Mo yọ ọ̀kan lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, mo fi sún mọ́ hóró márùn-ún tí mo tú jáde. Wọn kò mira. Òjé ni wọ́n. Ká ní irin ni, wọn ì bá ti fò mọ́ ọn. Láti ọdún 1991 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin de ọta òjé fún ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, torí pé àwọn ẹyẹ ń gbé hóró tó rì sísàlẹ̀ omi mì mọ́ òkúta wẹ́wẹ́, májèlé rẹ̀ sì ń pa wọ́n. Irin ni ọ̀pọ̀ ọdẹ yà sí lẹ́yìn náà. Lẹ́búlẹ́bú funfun tí mo rí nínú ihò, òjé tó ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ nínú igi ni. Gbogbo rẹ̀ bá ìtàn bàbá yẹn mu, èmi ni mo fi ìṣó tú u dànù.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ọ̀dà àtijọ́ náà sábà máa ń ní òjé nínú. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi họ ọ́ láì bo imú, a sì jẹ búrẹ́dì àti àkàrà nínú eruku náà. Ẹni tó bá rántí bí májèlé òjé ṣe pa àwọn ọmọdé lọ́pọ̀ ní Zamfara ní ọdún 2010 kò ní dédé sọ fún èèyàn pé kó mú sáńpépà. Òǹkọ̀wé yín kò sọ ti eruku rárá.

Bí ó bá ní pẹ́pẹ́yẹ òyìnbó kò kan òun, ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Ìyá tó bí ìyá mi, ní Mọlétè, ní ère ìbejì kan tí wọ́n gbẹ́ nígbà tí Táyé rẹ̀ kú. Igi ìrè ni. Nígbà tí mo fi gbọ́njú mọ̀ ọ́n, kò ní imú mọ́, ètè rẹ̀ ti dọ́gba mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnikẹ́ni kò jù ú mọ́lẹ̀. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi osùn pa á lára, wọ́n ń fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, ọdún gorí ọdún. Ọwọ́ ìyá ló jẹ imú yẹn. Ta ni kó gbẹ́ imú tuntun fún un? Ẹni tó bá fi sáńpépà họ irú ère bẹ́ẹ̀, ìyá yẹn ló ń nù kúrò lára ọmọ rẹ̀. Omíyalé Ògùnpa ní oṣù kẹjọ ọdún 1980 ló gbé tiwa lọ pẹ̀lú àpótí, ìyá àgbà kò sì jẹ́ ká gbẹ́ òmíràn.

Òdìkejì ọ̀rọ̀ náà tún wà. Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ àpá ju bó ṣe yẹ lọ. Ní bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ọkùnrin kan tó ń ta ère fún àlejò wá bá mi pé kí n bá òun sọ méjìlá tuntun di ti àtijọ́: ká rì wọ́n mọ́ ẹrẹ̀, ká gbé wọn kọ́ sójú èéfín, ká fi ṣéènì nà wọ́n. Mo lé e. Irọ́ ni màá pa tí mo bá ní owó tó mú wá kò wọ̀ mí lójú. Ọmọ Màmá ní wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún náà: wọ́n á yìnbọn lu pẹ́pẹ́yẹ tuntun, wọ́n á ní ọdẹ ló lò ó. Ṣùgbọ́n ọta á wà lábẹ́ ikùn, níbi tó yẹ kí omi bò. Ọ̀dà á sì ṣí dọ́gba-dọ́gba, títí dé inú kòtò tí ọwọ́ kì í dé. Iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń dá ayédèrú owó mọ̀ tún ń tú àṣírí, torí ọ̀dà tí wọ́n fi lé òmíràn lórí sábà máa ń yàtọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo yá a lọ́wọ́ ọmọ tó ń ṣe POS níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mo tàn án sí èyí tí orí rẹ̀ ń mì. Ìdí rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Ọdẹ òyìnbó yẹn ti tún un kùn rí, kó lè lò ó lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ń fi ṣiṣẹ́ ló kùn ún.

Ti owó, n kò fẹ́ sọ púpọ̀ kí àwọn èèyàn má baà máa tú àjà. Lọ́dún 2007, méjì nínú pẹ́pẹ́yẹ àti ẹyẹ onígi tí agbẹ́gi kan, Elmer Crowell ti ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, gbẹ́, dọ́là 1,130,000 ni wọ́n ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lem àti Steve Ward, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí òkìkí wọn kàn ní Maryland, onígbàjámọ̀ ni wọ́n ní ìlú Crisfield. Bí wọ́n ṣe ń gẹ irun ni wọ́n ń gbẹ́ pẹ́pẹ́yẹ. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ọ̀dà àkọ́kọ́ ló wà lára rẹ̀. Ti Màmá kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lábẹ́ ní tirẹ̀, n kò rò pé ó lè ra kẹ̀kẹ́ Márúwá.

N kò sọ pé ká máa wo nǹkan kó jẹrà. Èyí tí orí rẹ̀ ń mì, ìṣó inú ọrùn rẹ̀ ti dípẹtà. Ẹni tó bá gbé e lórí, ikùn á já lulẹ̀. Mo fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi awọ ẹran sè mú un, irú èyí tí ọ̀gá mi kọ́ mi, tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi omi gbígbóná tú. Mo kọ ohun tí mo ṣe àti ọjọ́ tí mo ṣe é sínú bébà, mo fún Màmá. Bí kòkòrò bá ń jẹ igi, ẹ pa kòkòrò. Ihò ọta kì í jẹ igi lọ. Ibi tó dé lọ́jọ́ náà ló wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún òǹkọ̀wé yín kó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí, kó sọ fún àwọn tó ń kà á pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ẹni tó dá ihò sí nǹkan kí wọ́n tó ra pọ́tì. Bó bá fẹ́ wá bá mi jà, kó wá. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ àyàfi ọjọ́ ìsinmi.

Ìrántí náà ti kọjá. Mo ní kí n bá wọn fọ ọ̀dà mi kúrò, ọmọ náà ní rárá, díẹ̀ tó ṣẹ́kù lábẹ́ á bá a lọ. Màmá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú fọ́tò. Èyí tó ń dán ni àwọn àlejò ń gbé, tí wọ́n ń yìn, orí mi wà nílẹ̀. Inú páálí ìṣáná ni mo kó hóró ọta márùn-ún yẹn sí. Mo tẹríba, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màmá. Ó mì í létí, ó gbọ́ wọn tí wọ́n ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ó ku mẹ́sàn-án nínú rẹ̀," ló wí, ó sì ti páálí ìṣáná náà sábẹ́ àgógó pẹ́pẹ́yẹ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Bàbá Pólíìṣì,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.